Kí Lorúkọ Kọ́ọ̀dù Yìí Gan-an? Àlàyé Fáwọn Tó Ń Ta Gìtá

Ẹ mú gìtá yín ná. Ẹ fi ìka mú E méjọ̀ tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń kọ́, ìyẹn 0-2-2-1-0-0, láti orí okùn tó nípọn jù lọ sórí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni mo ṣe ń kà á o, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì ṣe máa kà á títí lọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni fret tá a tẹ̀ (ìyẹn àyè tó wà láàárín irin méjì lọ́rùn gìtá), òdo ni okùn tá ò tẹ̀, x ni okùn tá ò gbọ́dọ̀ ta rárá. Ó yá, ẹ sún ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ní fret méjì, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ bí wọ́n ṣe jókòó, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ fret kejì lórí okùn tó nípọn jù, okùn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 2-4-4-3-0-0 nìyẹn. Ẹ gbá a. Ó dùn, àbí? Ó ń dún bíi F# (F ṣáàpù la máa ń pè é), ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń dán yanran.

Ẹ wá bèèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Áàpù orí fóònù á ní F#7add11 ni. Ọ̀rẹ́ yín tó ń ta gìtá á ní F#11 ni jàre, kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á gbọ́ nóòtì inú ẹ̀ tán, á ní Bmaj9sus4 lórí F# ni, á tún wá sọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin lẹ ò lọ síléèwé. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ohun tó ń da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú nìyẹn, torí a máa ń rò pé bí ìka ṣe jókòó lórí gìtá ló ń fún kọ́ọ̀dù lórúkọ. Rárá o. Nǹkan méjì lorúkọ kọ́ọ̀dù ń sọ: àwọn nóòtì wo ló wà níbẹ̀, àti èwo nínú wọn ni olórí, èyí táwọn olórin ń pè ní rúùtù. Ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣáà ti lè ka lẹ́tà á rí i. Ti èkejì yẹn, ibẹ̀ nijà wà, ibẹ̀ náà ló sì dùn sí.

Ká yára gba ti lẹ́tà kọjá. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jẹ́ E A D G B E. Fret kọ̀ọ̀kan ń sún nóòtì lọ síwájú ní ìdá kan, báyìí ló sì ṣe ń lọ: A, A#, B, C, C#, D, D#, E, F, F#, G, G#, ó tún padà di A. Méjìlá péré ni gbogbo wọn. Kò sí nǹkan kan láàárín B àti C, kò sí láàárín E àti F náà, ibẹ̀ yẹn ló máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nítorí náà okùn A ní fret kẹta, ẹ kà á: A#, B, C. C ni. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe ka gbogbo ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni lákọ̀ọ́kọ́, tó bá yá ẹ ò ní nílò kíkà mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì ti gba iwájú lọ́wọ́ àwọn yòókù, torí ẹ ti mọ tónìkì sólfà. Ọgbọ́n tí John Curwen, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tàn káàkiri Bìrìtìkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì tíì kúrò, àwọn tó ń kọrin alto lónìí ṣì ń fi d r m f s l t kọ́ orin. Ó dáa gan-an fún kọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá ti pe rúùtù ní d, kọ́ọ̀dù méjọ̀ ni d m s: láti d dé m fret mẹ́rin, láti m dé s fret mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fa m sẹ́yìn ní fret kan ṣoṣo ó di ma, d ma s nìyẹn, máínọ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní l d m ni àwọn mọ̀ sí máínọ̀, òótọ́ ni, ìṣirò kan náà ni, fret mẹ́ta kó tó kan mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé yìí rúùtù ni d lọ́jọ́ gbogbo, ì báà jẹ́ máínọ̀ ì báà jẹ́ kí ló jẹ́, ká má bàa ṣì ara wa gbọ́.

Wàyí o, àwọn ìrù tó ń wà lẹ́yìn lẹ́tà ló ń dẹ́rù bani jù, ó dẹ̀ yẹ kó jẹ́ àwọn ló rọrùn jù. C lásán, d m s. Cm, d ma s. C5, d àti s nìkan, kò sí m kankan, òun làwọn onírọ́ọ̀kì ń gbá bí ẹní ń já igi. C7, ẹ fi ta kún un, ìyẹn t tá a fà sẹ́yìn ní fret kan, nítorí náà C E G Bb (Bb, B fúláàtì, òun àti A# nóòtì kan náà ni). Cmaj7, t gidi lẹ fi kún un, C E G B, tẹ́ ẹ bá mú C tẹ́ ẹ sì gbé ìka kan kúrò, x-3-2-0-0-0, òun náà nìyẹn. Fret kan ṣoṣo ló wà láàárín ta àti t, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kẹ́ ẹ fi Cmaj7 rọ́pò C7 láàárín orin ìyìn tó gbóná, kẹ́ ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín. C6, l lẹ fi kún un. Sus túmọ̀ sí pé m ò sí nílé, f ló wá jókòó sípò ẹ̀ tó bá jẹ́ sus4, r ló jókòó síbẹ̀ tó bá jẹ́ sus2, ìdí nìyẹn tí sus ò fi í ṣe méjọ̀ tí kì í sì í ṣe máínọ̀, ṣe ló kàn dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú D, xx0232, ẹ gbé ìka kúrò lórí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, Dsus2, ẹ fi ìka kékeré kún un ní fret kẹta, Dsus4, ẹ ti gbọ́ ọ rí lọ́pọ̀ ìgbà láì mọ orúkọ ẹ̀.

9, 11 àti 13 ń kọ́? Ẹ yọ méje kúrò. 9 jẹ́ 2, ìyẹn r. 11 jẹ́ 4, ìyẹn f. 13 jẹ́ 6, l. Ẹ máa ní kí ló dé tá ò kúkú wá pè wọ́n ní 2, 4, 6 ká sinmi? Torí pé àwọn olórin ti gbà pé tí nọ́ńbà ńlá yẹn bá dá dúró, ta ti wà níbẹ̀ nìyẹn. C9, ta wà níbẹ̀. Cadd9, kò sí ta níbẹ̀, wọ́n kàn gbé r lé e lórí ni. Ẹ wo x-3-2-0-3-3: C E G D G, Cadd9. Ẹ wo x-3-2-3-3-3: C E Bb D G, C9. Ìka kan ló yàtọ̀, ọ̀kan ń dún bí orin olórin adágìtá tó jókòó sórí àga lójú agbo, èkejì ti wọ fúńkì. Tẹ́ni kan bá kọ C9 sínú ìwé orin tó sì jẹ́ Cadd9 ló ní lọ́kàn (wọ́n máa ń ṣe é gan-an, pàápàá àwọn tó ń fi lírìkì àti kọ́ọ̀dù sórí íntánẹ́ẹ̀tì), etí yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ìwé gbọ́.

Ká padà sórí 2-4-4-3-0-0 wa. Ẹ kọ nóòtì ẹ̀ sílẹ̀ láti orí okùn tó nípọn jù: F#, C#, F#, A#, B, E. Ẹ yọ èyí tó wà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku F#, A#, B, C#, E. Ó yá, ẹ wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ olórí, kẹ́ ẹ sì ka fret látọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ F# ni d: A# jẹ́ fret mẹ́rin, m nìyẹn. C# jẹ́ fret méje, s nìyẹn. E jẹ́ mẹ́wàá, ta nìyẹn. B jẹ́ márùn-ún, f nìyẹn. d m s ta, ìyẹn F#7 tó pé pérépéré, pẹ̀lú f kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ ó pe f yẹn ní sus4? Rárá, m ṣì wà nílé, kò sẹ́ni tó gbapò ẹ̀, nítorí náà add11 ni. F#7add11. Ẹni tó pè é ní F#11 gé e kúrú ni, torí 11 ojúlówó yẹ kó ní r nínú, G# nìyẹn ì bá jẹ́, a ò sì ní in, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ lé e kúrò nínú bándì. Tó bá jẹ́ E la fi jẹ olórí ńkọ́? r, fe, s, l, kò sí m, kò sí ma, orúkọ ẹ̀ á gùn bí orúkọ ọmọ ọba. Tó bá jẹ́ B: r, f, s, t, Bmaj9sus4, orúkọ yìí ṣe é gbọ́, ẹni tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n F# ló wà nísàlẹ̀, òun náà ló ní m àti s tiẹ̀ ní pípé, òun ló máa jẹ olórí. Tẹ́ ẹ bá wá gbé àtàǹpàkò kúrò tẹ́ ẹ jẹ́ kí okùn E tó nípọn dún, 0-4-4-3-0-0, kọ́ọ̀dù ò yí padà, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló yí, ẹ kọ ọ́ báyìí: F#7add11/E. Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn nìyẹn, báàsì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà tó ń da kíkà yìí rú: nóòtì tí kò sí níbẹ̀. Kọ́ọ̀dù 13 tó bá pé yẹ kó ní nóòtì méje, d m s ta r f l, ìka mélòó lẹ ní? Torí náà adágìtá á yọ àwọn kan dànù. s ló kọ́kọ́ ń lọ, torí etí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá a. f náà á lọ, torí ó máa ń bá m jà. Àwọn tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ ni m àti ta, àwọn ló ń sọ irú kọ́ọ̀dù tó jẹ́. Ẹ wo 3-x-3-4-5-x: G, F, B, E. Nóòtì mẹ́rin péré, d ta m l, ó sì ń jẹ́ G13 láìsí àríyànjiyàn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yọ G kúrò níbẹ̀, ká fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta báàsì. Ó ku F, B, E. Tí báàsì bá ta G, G13 ni gbogbo ìjọ ń gbọ́. Ìka yín ò kúrò níbi tó wà o, ẹ jẹ́ kí báàsì sún lọ ta C#. Ó parí. F ti di m tiẹ̀ (ìwé á kọ ọ́ ní E#, nóòtì kan náà ni), B ti di ta, E ti di ma tó gun orí m, ohun tẹ́ ẹ sì ń ta báyìí ni C#7#9. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ti yí orúkọ yín padà lẹ́yìn yín. Ohun táwọn akíbọ́ọ̀dù ń pè ní tritone náà nìyẹn, tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ tuntun ní ríhásà, F àti B yẹn ló ń ṣe é, àwọn méjèèjì ló jẹ́ ta àti m fún G, wọ́n tún jẹ́ m àti ta fún C#, wọ́n kàn gbapò ara wọn ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi pé kó kọ́kọ́ sọ ohun tí báàsì ń ta fún mi. C E G A, kí ni? C6 ni. Am7 náà ni, A C E G, nóòtì mẹ́rin kan náà. Bí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣadé nílé tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù ló rí, ibi tẹ́ ẹ bá a lẹ ó fi mọ èyí tẹ́ ẹ máa pè é. Tí orin bá wà ní kíì C (ìyẹn ni pé C ni ilé orin náà) tó sì jẹ́ ibi ìsinmi ló wà, báàsì wà lórí C, ẹ pè é ní C6. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ sí Dm ó ń lọ sí G, tó jẹ́ 6-2-5-1 tí gbogbo bándì ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ (látorí kíì ni wọ́n ti ń kà á: C ni 1, Dm ni 2, G ni 5, Am ni 6), Am7 ni, kódà tí báàsì bá sáré fọwọ́ kan C níbẹ̀. Csus2 àti Gsus4 náà bẹ́ẹ̀, C D G ni àwọn méjèèjì. F tí G wà lábẹ́ ẹ̀, 3-x-3-2-1-1, àwọn ọmọ kúáyà mọ̀ ọ́n ní 4 lórí 5, s nísàlẹ̀ f l d lókè (bí kúáyà ṣe ń kà á nìyẹn o, kíì ni d tiwọn, kì í ṣe rúùtù), ìwé kan á kọ F/G, òmíràn á kọ G9sus4, òmíràn á kọ G11, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú orin kan náà ẹ má bẹ̀rù, ìka yín ò lọ ibì kankan. Èmi fẹ́ràn F/G jù nínú wọn, torí ẹni tó bá ti mọ F tó sì mọ G á ta á lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ jáàsì lè yàn G9sus4, ìyẹn sọ iṣẹ́ tí kọ́ọ̀dù ń ṣe, pé ó fẹ́ lọ sílé, sí C.

Dim7 ló burú jù nínú gbogbo wọn. x-x-0-1-0-1: D, G#, B, F. Ẹ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, D F G# B: fret mẹ́ta mẹ́ta ló wà láàárín nóòtì kọ̀ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí náà ta ni olórí? Kò sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ ẹ́. Ddim7, Fdim7, G#dim7, Bdim7, kọ́ọ̀dù kan ni. Ẹ sún un síwájú ní fret mẹ́ta, x-x-3-4-3-4, àwọn nóòtì kan náà ló tún padà wá, wọ́n kàn to ara wọn lọ́tọ̀. Mẹ́ta péré ni dim7 tó wà láyé yìí, gbogbo orúkọ méjìlá yẹn ẹ̀dà wọn ni. (Aug náà jọ ọ́, C E G#, fret mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́rin péré ló wà.) Ibi tó bá ń lọ lẹ ó fi sọ ọ́ lórúkọ: tó bá fẹ́ wọ Am, G#dim7 ni, torí G# ló ń fà wọ inú A, tó bá fẹ́ wọ C, Bdim7. Èyí táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ti bọ àárín 1 àti 2, tí wọ́n ń pè ní passing chord, C#dim7 ni tó bá jẹ́ kíì C, òkè ló ń lọ, sí Dm.

Nígbà míì ẹ máa ka nóòtì títí, kò ní bọ́ sí i, torí pé kì í ṣe gìtá kan ló ń dún. Orin Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní A Hard Day's Night, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní London lóṣù kẹrin ọdún 1964, kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gbàm̀, ó dákẹ́, orin wọlé. Ọdún gọbọi làwọn èèyàn fi ń jà lé e lórí, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe máa fi ìka ẹ̀ mú un, kò sì sí èyí tó ń dún bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an. Lọ́dún 2001 ni George Harrison, tó ta gìtá Rickenbacker olókùn 12 níbẹ̀, dá àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóhùn pé F lòun mú, G wà lókè ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n lọ bi Paul ní ti báàsì. F A C G, Fadd9 nìyẹn, kọ́ọ̀dù tí ọmọ oṣù mẹ́ta lórí gìtá lè mú. Àmọ́ D ni Paul McCartney ta nísàlẹ̀. D F A C G. Ẹ fi D jẹ olórí kẹ́ ẹ kà á: ma, s, ta, f. Dm7add11. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan tún wà ní Kánádà, Jason Brown, ó gbé ohùn yẹn sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ìṣirò Fourier tú u sí wẹ́wẹ́, ó sì ní nóòtì dùùrù wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ní Fadd9 jàre gìtá, ẹni tó ní Dm jàre báàsì, ẹni tó ń wá ìka kan tó máa mú gbogbo ẹ̀ lórí gìtá kan ló ń wá ohun tí kò sọnù. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ta á, ẹ fi D sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ fi G sókè, ó tó.

Ti Jimi Hendrix, adágìtá ọmọ Amẹ́ríkà, yàtọ̀. Ìka kan ni, gìtá kan ni, Purple Haze, 1967, x-7-6-7-8-x. E, G#, D, G. d m ta, E7 nìyẹn, wá wo G lókè, ma ni! Méjọ̀ àti máínọ̀ nínú kọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n ń wo ara wọn lójú, ohun tó sì jẹ́ kó máa ta yẹ́ríyẹ́rí létí nìyẹn. Kí ló wá dé tí orúkọ ẹ̀ fi jẹ́ E7#9, tí kò jẹ́ E7 máínọ̀-méjọ̀? Torí òfin àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ ni pé nóòtì kẹta, ìyẹn m tàbí ma, ọ̀kan ṣoṣo ló lè wà nínú kọ́ọ̀dù. G# ti gba ipò kẹta. G ní láti wá orúkọ míì, ni wọ́n bá ní r tá a sún síwájú ní fret kan ni, 9 tó ní ṣáàpù. Orí ìwé nìkan nìyẹn wà, létí, búlúùsì ni, akọrin ń kọ ma, gìtá ń ta m, wọ́n ti ń ṣe é pẹ́ kí Hendrix tó gbé méjèèjì sábẹ́ ọwọ́ kan.

Àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ Yúróòpù náà ní tiwọn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ́pẹ́rà Wagner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Tristan und Isolde, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Munich lọ́dún 1865, kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ni F B D# G#, ìwé tí wọ́n ti kọ lé e lórí á kún yàrá. Adágìtá á kà á, á ní Fm7b5 (d ma ta, pẹ̀lú s tá a fà sẹ́yìn ní fret kan), á sì máa lọ. Ó tọ̀nà ní ti nóòtì. Àmọ́ Fm7b5 máa ń lọ sí Bb ni, ti Wagner ò lọ síbẹ̀ rárá, E7 ló lọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà pé orúkọ yẹn tó.

Ohun tó kù tó ń da orúkọ rú ni gìtá tí wọ́n ti yí okùn ẹ̀. Gbogbo ohun tá a ti kà látòkè wá, E A D G B E ló dúró lé. Àwọn kan ń fi D A D G A D ta gìtá, adágìtá kan tó ń jẹ́ Davey Graham ló sọ ọ́ di olókìkí ní Bìrìtìkó láwọn ọdún 1960, tẹ́ ẹ bá gbá a lásán láì fọwọ́ kan fret kankan, D G A lẹ ó gbọ́, Dsus4, tàbí Gsus2, ẹ ti mọ ìdí báyìí. Joni Mitchell, olórin ọmọ Kánádà, ní àrùn rọpárọsẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jẹ́ kọ́wọ́ òsì ẹ̀ ṣe aláìlágbára, ó wá ń yí okùn gìtá ẹ̀ lóríṣiríṣi kí ìka ẹ̀ lè ṣe ìwọ̀nba, ẹni tó bá ń wo ìka ẹ̀ nínú fídíò tó fẹ́ dá a mọ̀ ń fi ara ẹ̀ ṣòfò tí kò bá kọ́kọ́ mọ bó ṣe yí okùn lọ́jọ́ náà. Kapó náà bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń de gbogbo okùn mọ́ fret kan. Kapó wà ní fret kejì, ẹ mú C, ìka yín ní C, etí ní D. Tẹ́ ẹ bá kígbe C sí ẹni tó ń ta báàsì, ohun tó máa jáde á burú. Ti kíbọ́ọ̀dù ló tiẹ̀ wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti fi transpose, bọ́tìnnì tó ń yí kíì padà, sún un, ọwọ́ ẹ̀ ń tẹ C, ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ F#, ẹ bi í léèrè pé kọ́ọ̀dù wo nìyẹn ó ní Am, ọmọlúàbí ni, òótọ́ ló sọ bó ṣe rí lójú ẹ̀, D#m lẹ̀yin gbọ́dọ̀ ta. Ibi tí nọ́ńbà ti wúlò nìyẹn, 6 ni kó sọ, 7-3-6 ni kó sọ, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́, kíì yòówù tó bá wà.

Ẹ gba ọ̀kan sí i kẹ́ ẹ fi dánra wò: x-5-7-5-0-0. D, A, C, B, E. Tẹ́ ẹ bá fi D jẹ olórí, s wà, ta wà, r wà, l wà, wọ́n pọ̀ jaburata, àmọ́ m ńkọ́? Kò sí. ma ńkọ́? Kò sí. Áàpù máa fún yín ní D13(no3), orúkọ tó jẹ́ pé ohun tí kò sí ló ń sọ. Ẹ fi A jẹ olórí: ma ni C, s ni E, r ni B, Am(add9) tó pé, D wá jókòó sábẹ́ ẹ̀. Am(add9)/D. Tó bá jẹ́ pé láàárín Am àti Em lẹ ti ń ta á, èyí ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni á lóye ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ G lorin ń sáré lọ, D ni olórí, ta yẹn ló ń tì í, m tí kò sí níbẹ̀ ẹlòmíì nínú bándì lè máa ta á, akíbọ́ọ̀dù ló sábà máa ń jẹ́, ẹ kọ D13 kẹ́ ẹ yọ no3 yẹn kúrò.